ÌLERA ILÉ WA: Kálórì Mélòó Lẹ Ń Lò Lójúmọ́?

 

Níbi ìkómọ tá a ṣe kọjá, ohun tí àwọn ìyá ń sọ ni pé Atlanta ló sọ wá di ọlọ́ra. Mọ́tò dé ibi iṣẹ́, mọ́tò dé ọjà DeKalb, ẹsẹ̀ ò kan ilẹ̀. Wọ́n ní nílé, à ń rìn, ara ń fúyẹ́. Èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ti fi kílò 9 sanra látìgbà tí mo dé, dókítà sì ti ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi.

Àfi bí mo ṣe ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Loyola ní Chicago àti ti Ìbàdàn, tó jáde ní 2009. Wọ́n wọn agbára tí àwọn obìnrin Igbó-Ọrà (ìlú ìbejì yẹn náà ni) ń lò, wọ́n wọn ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Nígbà tí wọ́n ro bí ara kálukú ṣe tóbi tó mọ́ ọn, ìyàtọ̀ ò sí! Agbára tí ẹnì kan ń lò ò sì sọ bóyá yóò sanra sí i.

Omi ni wọ́n fún wọn mu, omi tí háídrójìn àti ọ́síjìn inú ẹ̀ wúwo díẹ̀. Háídrójìn ń bá ìtọ̀ àti òógùn jáde; ọ́síjìn ń bá wọn jáde, ó tún ń bá èémí lọ. Wọ́n á máa yẹ ìtọ̀ wò fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń sọ bí èéfín iná inú ara ṣe pọ̀ tó. Ó péye, àmọ́ ó wọ́n bí ojú.

Èyí tí kò náni lówó nìyí, ti 1990 ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò, ṣùgbọ́n àgbà nìkan ni kẹ́ ẹ ṣírò fún o. Kílò lọ́nà 10. Ẹ fi gíga ní sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 6.25 kún un; ẹ yọ ọjọ́ orí lọ́nà 5. Fún ìyá, ẹ yọ 161. Fún bàbá, ẹ fi 5 kún un. (Ẹ fi 2.2 pín pound kó di kílò.) Ohun tí ara ń lò lójúmọ́ láìṣe nǹkan kan nìyẹn. Ẹni tó ń jókòó lọ́fíìsì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.4, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbi iṣẹ́ látàárọ̀, 1.7. Ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣì.

Ìrìn ṣì dára fún ọkàn àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀, ẹ má tìtorí èyí jókòó. Àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun mi ló yẹ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọmọ mi obìnrin ló bá mi ṣírò tèmi: kílò 75, sẹ̀ǹtímítà 165, ọdún 40. Ó jẹ́ 1,420. Pẹ̀lú jíjókòó, ó di 1,988. Ló bá wojú mi: "Mọ́mì, iyán tẹ́ ẹ jẹ níbi ìkómọ yẹn ńkọ́?"

Mi ò tíì dá a lóhùn.