"Chicago" wo lẹ ń sọ, ọ̀gá?

Alẹ́ Sátidé tó kọjá ni àbúrò mi obìnrin pè mí. "Àǹtí mi, wọ́n dá iṣẹ́ mi padà o." Mo ní ṣé ìwádìí ẹ̀ ni kò dáa? Ó ní rárá. Alábòójútó òun ló ní kóun lo APA. Ìgbà tóun dé iwájú ìgbìmọ̀, ẹlòmíì ní Chicago lòun fẹ́. Ojú ìwé 124! Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un.

Nígbà témi ń ka òfin, ìsàlẹ̀ ojú ìwé la máa ń kó gbogbo ẹ̀rí sí, ó parí. Mo tiẹ̀ máa ń fi àwọn ará sosiọ́lọ́jì ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àkámọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àkámọ́ yẹn nídìí. Àwọn onísaikọ́lọ́jì Amẹ́ríkà ló gbé APA jáde ní 1929, ojú ìwé 7 péré ni nígbà yẹn. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ìwádìí tuntun lè sọ ti ogún ọdún sẹ́yìn di àpatì, torí náà ẹni tó ń kà á fẹ́ rí ọdún lójú ẹsẹ̀. Ká ní ìbéèrè ni àbúrò mi pín fáwọn oníṣòwò inú ọjà, tó wá ń ka iye èsì, APA ni mo máa ní kó lò, láìjanpata.

Ọ̀rọ̀ ìdílé nílùú Ìbàdàn ló ń kọ lé lórí o. Ìwé Fádípẹ̀, The Sociology of the Yoruba, sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ọdún 1939 ni Fádípẹ̀ parí iṣẹ́ yẹn fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní 1944. Ìwé náà ò jáde títí di 1970. Ẹ wá kọ "(Fadipe, 1970)" síbẹ̀, ọmọ tí ò mọ̀ á rò pé Yorùbá ẹ̀yìn òmìnira ló ń sọ! Bákan náà ni Samuel Johnson: ó kú ní 1901, ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921. Lóòótọ́, èèyàn lè ṣàlàyé nínú gbólóhùn, àmọ́ àkámọ́ fúnra rẹ̀ ò ní sọ ọ́. Lẹ́tà ajẹ́lẹ̀ tó rí ní National Archives Ìbàdàn ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí, ọjọ́, nọ́ńbà fáìlì. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé nìkan ló gba gbogbo ìyẹn.

Torí náà, ká sòótọ́, ọ̀gá yẹn ò jẹ̀bi tán. Ibi tó ti jẹ̀bi ni pé ẹ̀ka wọn ò kọ òfin kankan sílẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ tó bẹ̀rẹ̀. Abala 36(12) òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní a kì í dá èèyàn lẹ́bi lórí ohun tí òfin àkọsílẹ̀ kò pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Mo mọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn nìyẹn, ẹ má bú mi. Ṣùgbọ́n ṣé ti akẹ́kọ̀ọ́ wá yẹ kó burú ju ti ẹni tó wà níwájú adájọ́ lọ?

Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀nà méjì ló wà nínú ìwé Chicago: ti ìsàlẹ̀ ojú ìwé, àti ti orúkọ pẹ̀lú ọdún nínú àkámọ́, tó fẹ́ jọ APA. Èwo lọ̀gá ń sọ?

Mo ní kó fi Zotero sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kó tó fọwọ́ tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Mo sì ní kó kọ lẹ́tà, kó fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Chicago wo?" Títí tí mo fi ń kọ èyí, wọn ò tíì dá a lóhùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.