Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe ìpàtẹ àga ọlọ́lá

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò ní í gbàgbé àwọn wolé-wolé. Èmi kò bá wọn láyé iṣẹ́ wọn, àwọn òbí mi ló máa ń sọ ìtàn wọn. Wọ́n ní bí wolé-wolé bá ti yọ ní orígun àdúgbò, kálukú á sáré gbá ẹ̀yìnkùlé, á yọjú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí kọ́ọ̀tù. Ìlú mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń gbá a. Nígbà tí wolé-wolé kúrò nílẹ̀, ìgbálẹ̀ náà sinmi.

Lónìí, bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Àrìgìdì Àkókó tàbí ní Ìkàrẹ́ tí kò jìnnà sí i, ohun tí àgbàrá ń wọ́ lọ kì í ṣe ewé àti igi gbígbẹ nìkan bíi ti àtijọ́. Ọ̀rá omi, ike ẹlẹ́rìndòdò àti ike oúnjẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn a dí gọ́tà, omi a sì wá ọ̀nà gba inú ilé. Àwọn ará Ìbàdàn mọ ibi tí irú èyí lè já sí. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011, odò kún bo ilé àti afárá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Pàǹtí tó dí ojú omi wà lára ohun tó fà á.

Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gbà wá ni pé kí àwọn ilé-ìwé girama tó wà ní Àrìgìdì kó iṣẹ́ ọnà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn jọ lórí ọ̀rọ̀ àyíká, kí wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ fún ìlú wò. Kó kéré o. Ogún iṣẹ́ tàbí ọgbọ̀n ti tó. Àgbàlagbà tí kò ka òfin ìmọ́tótó sí lè tijú bó bá rí i pé ọmọ tòun ló ya ààtàn tó wà lẹ́yìn ilé òun.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á sọ pé àwọn kò rán ọmọ lọ sílé-ìwé kó lọ máa gbẹ́ ère. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rántí ilé kí a tó sọ̀rọ̀. Ní Èkìtì, tó bá Àkókó pààlà, ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley lọ́dún 1924. Ó wu àwọn òyìnbó débi pé wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú wọn pàrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà. Lọ́dún 1937, Ọ̀gbẹ́ni Kenneth Murray, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ọnà, kó iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ márùn-ún lọ pàtẹ ní London. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Ben Enwonwu, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà.

Pàǹtí gan-an ti sọ ènìyàn di ẹni ńlá. El Anatsui, ọmọ ilẹ̀ Ghana tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka, ń fi wáyà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ títí tí yóò fi dà bí aṣọ òkè. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice nílẹ̀ Ítálì. Ní Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, Romuald Hazoumè ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń ṣe fàyàwọ́ bẹntiróòlù láti Nàìjíríà ṣe ojú egúngún. Ó to kẹ́ẹ̀gì tó lé ní 300 bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi kó àwọn baba wa lẹ́rú, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní British Museum ní London lọ́dún 2007. Irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé gbogbo wa.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rìn láti ilé-ìwé dé ọjà, kí wọ́n ṣa ọ̀rá tí wọ́n bá rí lójú ọ̀nà, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ṣe. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tún jókòó ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀ àgbà, kó béèrè igi tó wà nínú igbó nígbà èwe wọn àti odò tí wọ́n ti ń pọnmi, kó wá ya ohun tó bá gbọ́. Èdè Àrìgìdì yàtọ̀ sí Yorùbá tí a ń kọ nílé-ìwé, àwọn onímọ̀ èdè sì ti kọ̀wé lé e lórí. Nítorí náà, kí wọ́n kọ orúkọ igi náà lédè Àrìgìdì àti lédè Yorùbá. Bí igi bá ti tán nínú igbó, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lẹ́nu ọmọ.

Owó kò gbọdọ̀ dí wa lọ́wọ́. Èédú yóò fún wa ní dúdú, efun yóò fún wa ní funfun, osùn ni pupa, ẹlú ni aró. Páálí tó ti ṣófo ni wọn yóò yàwòrán sí, ẹ̀kọ gbígbóná sì ń lẹ bébà dáadáa. Kí wọ́n ta okùn sí iwájú ààfin Zaki lọ́jọ́ ọjà, bí Kábíyèsí bá yọ̀ǹda, kí wọ́n so iṣẹ́ náà kọ́ sí i. Bí a bá tì í mọ́ inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, àwọn tó yẹ kó rí i kò ní í débẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé girama, a ṣe irú ètò yìí. Owó tí àwọn òbí dá lọ sórí kánópì, bánà àti oúnjẹ alága. Wọ́n to àga àwọn ọlọ́lá síwájú, wọ́n kó àwòrán wa sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ ìkíni pọ̀ títí òjò fi dé. Àwòrán mi tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì yà, ọwọ́ àlejò kan ni mo ti rí i, ó ń fi í fẹ́ ara rẹ̀ nítorí ooru. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ṣa ọ̀rá omi àti ike oúnjẹ tí wọ́n jù sílẹ̀, níbi ètò ìmọ́tótó!

Ìjọba Èkó ti fòfin de ike oúnjẹ funfun yẹn láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ó yẹ kí ètò tí a bá ṣe nítorí àyíká lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe yan alága, ẹ má sì pín ọ̀rá omi.

Ó ku ọ̀kan, èyí tó le jù. Ọmọ kan lè ya ẹ̀rọ ìgégi bàbá rẹ̀. Òmíràn lè ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń da pàǹtí sódò, tàbí òkè tí wọ́n ń fọ́ òkúta rẹ̀ kó lọ. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá yọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kúrò nítorí kí inú èèyàn ńlá kan má baà bàjẹ́, ká má ṣe ìpàtẹ náà mọ́ ló sàn. Bí òbí sì bá délé tó na ọmọ nítorí ohun tó yà, ọmọ náà kò ní í sọ òótọ́ fún un mọ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe o.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ọmọ fẹ́ pàtẹ, ẹ dìde lọ wò ó. Ẹ dúró níwájú iṣẹ́ kan, ẹ bi ọmọ tó ṣe é ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì fetí sí èsì rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, kí ẹ bá àmù kan níbẹ̀, ife lórí rẹ̀, tó mọ́ tónítóní láìsí wolé-wolé kankan nítòsí.