Apá Kejì Ìgbéyàwó

 Ọ̀rọ̀ fíìmù la gbé wá lóṣù yìí. A mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú yín kì í fẹ́ gbọ́ fíìmù sétí rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa ná.

Ọdún 2016 ni The Wedding Party jáde, Kemi Adetiba ló darí rẹ̀. Adesua Etomi ni Dunni, ìyàwó, ọmọ Yorùbá; Banky W ni Dozie, ọkọ, ọmọ Ìgbò. Ohun tó wú wa lórí jù ni pé àwọn méjèèjì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní mọ ara àwọn títí di alẹ́ ìgbéyàwó. Fíìmù tí kì í ṣe ti ìjọ ló sọ bẹ́ẹ̀ o! A rẹ́rìn-ín títí, a sì fẹ́ràn tọkọtaya náà.

Nígbà tí apá kejì dé ní Oṣù Kejìlá ọdún 2017, tí Niyi Akinmolayan darí, ilé Dunni àti Dozie la ń retí láti rí. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé owó ọjà kò tó? Dípò èyí, Dubai ni wọ́n gbé wa lọ. Nonso, arákùnrin Dozie, ló fẹ́ gbé Deirdre, òyìnbó ọ̀rẹ́ ìyàwó, níyàwó. Ìgbéyàwó lórí ìgbéyàwó! A kò ní puró, a rẹ́rìn-ín níbì kan tàbí méjì, aṣọ wọn sì dára. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe ènìyàn wá jẹun, tó fọwọ́ tán, tí wọ́n tún gbé omi ìfọwọ́ mìíràn wá.

Ìdí tó fi dùn wá ni pé ojoojúmọ́ ni a ń rí apá kejì gan-an ní Mowe àti Ibafo. Lọ́jọ́ Sátidé, alága ìjókòó ń gba owó, ìlù ń dún. Lọ́jọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ ìyàwó ti wà létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibi iṣẹ́. Torí pé owó ilé Èkó pọ̀ jù ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe wá síhìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti ń jẹ èrè náà.

A mọ tọkọtaya kan ní Ibafo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ìyàwó tó mọ̀ pé ọkọ òun yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì tún gba owó èlé lé e. Ó sọ fún wa pé gbèsè kọ́ ló dun òun jù. Pé nígbà tí àwọn ń yan gbọ̀ngán, òun bi ọkọ òun bóyá agbára wọn ká a, ó ní kí òun má ṣèyọnu. Ọkọ náà ní ojú àwọn àna òun lòun ń wò. Àwa tí a sì jókòó tí à ń dá sí ọ̀rọ̀ wọn yìí, a jẹ nínú ìrẹsì ọjọ́ náà, a tún gba ike tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn lọ sílé.

Nínú òfin Mósè, ní Deutarónómì orí 24, ọkọ ìyàwó tuntun kò gbọdọ̀ lọ sógun fún ọdún kan gbáko, kí ó lè jókòó mú inú ìyàwó rẹ̀ dùn. Ọkọ ti Ibafo yìí kì í dé ilé kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, nítorí iṣẹ́ kejì tó mú láti fi san gbèsè.

Wọ́n ti ń san án díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ló ń kọ ọ́ sínú ìwé báyìí, àwọn méjèèjì sì jọ ń wò ó. Àmọ́ wọn kò tíì rí fídíò ìgbéyàwó tiwọn. Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á, nítorí owó rẹ̀ kò tíì pé.