Ẹ Má Fi Ojú Tẹ́ńbẹ́lú Ère Kékeré

Nígbàkúùgbà tí àwọn kan bá rí àgbàlagbà tó jókòó ti àtùpà, tó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ń kun jagunjagun tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, wọn a ní eré ọmọdé ni, wọn a ní àìríṣẹ́ṣe ló fà á. Mo tako èrò yìí pátápátá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì bá ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ tan ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo orísun rẹ̀. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé Little Wars jáde lórí bí a ti ń fi ọmọ ogun kékeré ṣeré ogun. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1983, ilé iṣẹ́ Games Workshop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Warhammer jáde. Ní 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje Golden Demon fún àwọn tó mọ ère kùn. Aràrá, iwin, dírágónì àti òkú tó ń rìn ló wà níbẹ̀. Èyí tó dúró fún ènìyàn kò sábà ga ju nǹkan bíi mìlímítà 28 sí 32 lọ.

Kíkùn wọn kì í ṣe kí a kàn da ọ̀dà lé nǹkan lórí. A ó kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ ère náà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, nítorí àwọ̀ kì í fẹ́ dì mọ́ ike tàbí irin lásán. Nígbà tí àwọ̀ gangan bá gbẹ, a ó po ọ̀dà dúdú mọ́ omi kí ó lè ṣàn wọ inú ihò àti ìṣẹ́po aṣọ. A ó tún nu búrọ́ọ̀ṣì títí ọ̀dà ara rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí a tó fi ra àwọn ibi tó yọ sókè. Kí nìdí? Ère náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ inú yàrá kò lè fún un ní òjìji tó pọ̀ tó. Ẹni tó ń kùn ún ni yóò dá ìmọ́lẹ̀ àti òjìji fún un. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Wọ́n tún ní, “Ilé iṣẹ́ ló ṣe ère, ọgbọ́n wo ló kù?” Ẹ wò ó: ẹni méjì ra ère kan náà. Ọ̀kan kun ẹ̀wù rẹ̀ ní funfun tó ti dọ̀tí létí, ó kun àìsùn sí i lójú. Ó di jagunjagun tí ogun ti sú. Èkejì fi àwọ̀ wúrà dán ìhámọ́ra rẹ̀. Ó di ọba. Ìtumọ̀ ni wọ́n ṣe, bí òṣèré ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ẹni tó kàn ń da àwòrán ara páálí kọ ni ẹ̀sùn yẹn bá.

Owó ńkọ́? Òótọ́ ni, ọjà náà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjà ló wọ́n, iṣẹ́ náà kọ́. Thomas Onajeje Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbẹ́ ère kékeré àwọn òyìnbó amúnisìn àti lọ́yà láyé ìjọba wọn, ó sì fi pupa, dúdú àti funfun kùn wọ́n. Kò dúró de ilé iṣẹ́ kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, láti 1938 ni Fágúnwà ti fún wa ní Àgbákò nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ojú mẹ́rìndínlógún. Báwo ni a ṣe ń kọ́ ọ? A ní kí ọmọ há a sórí, kí ó dá a padà nínú ìdánwò. Ẹ fún un ní amọ̀, búrọ́ọ̀ṣì kan àti ọ̀dà díẹ̀. Kí irin má baà jọ idẹ, yóò ṣe àròjinlẹ̀. Kí ojú lè wà níbi tó yẹ, yóò ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò kàwé dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò tú u fó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ yín bá kọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ fúnra yín. Bí a kò bá fi ọwọ́ ara wa fún àwọn iwin inú ìwé wa ní àwọ̀, ti ẹlòmíràn nìkan ni ojú àwọn ọmọ wa yóò máa rí.