Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Gbogbo wa la mọ ẹ̀rọ agékoríko tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, èyí tí èèyàn máa ń jókòó lé wà bíi mọ́tò. Láti sáà tó kọjá ni kò ti sítáàtì mọ́. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e. Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní Iwofe níbí, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Koríko tí a bá gé lónìí, kò ní pẹ́ dé orúnkún. Àdá la fi ń gé e báyìí, àwọn àbúrò wa ní JSS ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Lóṣù tó kọjá, àdá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ṣá a lẹ́sẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Kí la wá ti ṣe sí ẹ̀rọ yìí? Ariwo la pa! Èmi gan-an wà níbẹ̀. A ní púlọ́ọ̀gì ni. Wọ́n ra tuntun ní Ikokwu, kò sítáàtì. A ní bátìrì ni. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, pàbó. La bá ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Papa tó ń tọ́jú ọgbà gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Una don ask am wetin dey worry am?" Ojú tì mí, torí pé lóòótọ́, a ò bi í.

Sátidé tó kọjá, èmi àti Papa bi í. A yí kọ́kọ́rọ́, kò tiẹ̀ mira. Ìyẹn ni pé iná bátìrì ò dé ibi tó yẹ kó dé. Ọ̀rọ̀ epo ò tíì yọjú. Irú ẹ̀rọ yìí kì í dáhùn àfi tí èèyàn bá tẹ bíréèkì, súwíìṣì kékeré kan ló sì ń ṣọ́ ọ lábẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí a wo abẹ́ rẹ̀, eku ti jẹ wáyà rẹ̀! A so ó padà dáadáa, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àmọ́ kò gbiná. A tú púlọ́ọ̀gì wò. Tó bá tutù, epo ń dé, iná ni kò sí. Tiwa gbẹ táútáú, epo ni kò dé. Epo tó wà nínú táǹkì ti wà níbẹ̀ láti sáà tó kọjá, òórùn rẹ̀ ti yí padà. Epo tó bá pẹ́ báyẹn máa ń dì bíi gọ́ọ̀mù nínú kabúrétọ̀, á dí ojú ihò tó ń gbà kọjá. Ibẹ̀ la dé tí aago prep fi lù.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ náà ti gbó jù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1876 tí Nikolaus Otto ti ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí ní Jámánì, ohun tó ń béèrè ò pọ̀: epo, afẹ́fẹ́, iná, àti kí pístìnì lè fún wọn pọ̀ dáadáa. Tí a bá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, tí a rí i pé pístìnì ti jẹ, tí kò lágbára mọ́, ẹ tà á. Èmi náà á bá wọn tì í dé géètì. Àmọ́ a ò tíì débẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọ̀gá wa ni pé kí wọ́n fún wa ní Sátidé kan sí i. A ó fa epo àtijọ́ jáde, a ó fọ kabúrétọ̀, Papa á sì dúró tì wá. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kó wá, ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a ti yọ kọ́kọ́rọ́ àti wáyà púlọ́ọ̀gì.

Orí ló ń fọ́ ẹ̀rọ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bẹ́ ẹ.