Kọ̀ǹpútà Tí Ó Gbé Súkúrù Ara Rẹ̀ Dání

Bí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń ṣe àjọ̀dún yìí, ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde ni pé kí a dáwó jọ ra kọ̀ǹpútà tuntun fún àwọn ọmọ. A kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kí a tó na owó náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí XO.

XO ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àjọ One Laptop per Child, ti Nicholas Negroponte, ṣe fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2007, wọ́n gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, ní Àbújá, láti dán an wò. Àwọ̀ ewé àti funfun ni, bí ẹni pé wọ́n kọ́kọ́ wo àsíá wa. Etí méjì dúró lórí rẹ̀ bí ti ehoro, òun ni ó fi ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí a bá pa wọ́n wálẹ̀, wọn a dí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ eruku. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ bo ojú ìtẹ̀wé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣeé kà nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ẹni tí ó bá mọ eruku Ìgándò nígbà ọyẹ́ yóò mọ̀ pé wọ́n ro tiwa mọ́ ọn.

Èyí tí ó wú wa lórí jù kò hàn sójú: inú ọwọ́ ìgbámú rẹ̀ ni wọ́n kó àpọ̀jù súkúrù sí, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lè tú u, kí ó sì tún un ṣe.

Síbẹ̀ kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Dọ́là 100 ni wọ́n ní yóò jẹ́. Nígbà tí ó máa jáde, ó ti di nǹkan bí 188. Mílíọ̀nù kan tí a retí pé ìjọba wa yóò rà kò wá sí ìmúṣẹ. Ẹ̀bi ẹ̀rọ náà nìkan kọ́, nítorí orílẹ̀-èdè Uruguay fi í dé ọwọ́ gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba wọn.

Ní Alímọ̀ṣọ́ níhìn-ín, a ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà tí a tì pa, tí aṣọ bo ẹ̀rọ tí a fi ta ọrẹ, bí tálẹ́ńtì tí ìránṣẹ́ nì rì mọ́lẹ̀. Ohun kékeré ni ó bàjẹ́ lára wọn. Kò sí ẹni tí ó láyà láti tú wọn wò.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà 20 ni ẹ ní lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ 12. Kí a fi owó ìyókù gbé iná oòrùn sórí òrùlé, kí a sì háyà àwọn atúnṣe láti Computer Village ní Ìkẹjà, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní títú àti títò ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin òbí yóò ní wọn yóò bà á jẹ́. Wọn yóò ba díẹ̀ jẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde tí ẹ ti di onímọ̀-ẹ̀rọ lónìí, rédíò ta ni ẹ kọ́kọ́ tú?