99999 Kì Í Ṣe Iyọ̀ Òkun

Ní Sakété, àgbàdo àti ọ̀pẹ la mọ̀. Òkun jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ẹ̀rùn kékeré oṣù kẹjọ tó máa ń dá òjò dúró lórí oko wa kò ṣẹ̀yìn òkun. Láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ létíkun Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ojú omi tí ìgbóná rẹ̀ tó 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius nínú oṣù kẹta lè wá sísàlẹ̀ 25.

Ẹ̀rọ tí ń wọn irú nǹkan báyìí wà nínú òkun. Argo ni wọ́n ń pè é, ó sì tó nǹkan bíi 4,000 káàkiri ayé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá omi lọ ní ìjìn 1,000 mítà. Bó bá di ọjọ́ kẹwàá, á rì dé 2,000, á wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á máa wọn ìgbóná àti iyọ̀ bọ̀, á sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Ọ̀fẹ́ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ náà ni Ocean Data View, tí Reiner Schlitzer ṣe ní Jámánì láti fi yà á lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi, ẹ má jókòó máa retí àwòrán tí wọ́n bá yà fún wa láti Yúróòpù.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o. Níbi tí ẹ̀rọ kò ti rí nǹkan kà, 99999 ló máa ń wà nínú fáìlì Argo. Ẹni tó bá yà á bẹ́ẹ̀, iyọ̀ tó máa ń wà lágbègbè 35 á fò kọjá orí ọ̀pẹ, ìyókù á di ìlà gbọọrọ kan tí kò sọ nǹkan kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, àmì wà: 1 ni èyí tó dára, 4 ni èyí tó bàjẹ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó yà á. Ẹni tó fẹ́ se ẹ̀wà a kọ́kọ́ ṣa òkúta inú rẹ̀.

Ta ló ń ya kànga, tó dojú rẹ̀ kodò? Ẹ fi 0 sókè, kí ìjìn máa lọ sísàlẹ̀. Kíá lojú á rí ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù.

Lójú tèmi, àwọ̀ ló ń tanni jù. Bí wọ́n bá wọn omi níbi méjì péré, kọ̀ǹpútà lè fi pupa àti búlúù kún gbogbo àárín wọn, bí ẹni pé ẹnìkan débẹ̀. Kò sẹ́ni tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n hàn lórí àwòrán, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án. Argo kan ṣoṣo nínú òkun Gìní ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ẹ ya oṣù kẹta àti oṣù kẹjọ rẹ̀ sórí bébà kan náà.